Kò sí díìṣì nílé: èwo ni ká fi gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kogí?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ni kò ní díìṣì, ìdí rẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Onílé kan ò fẹ́ kí ayálégbé lu ihò sí ògiri òun. Ìjì àsìkò òjò ti ṣí ti ẹlòmíràn kúrò lórí páànù. Ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, owó oṣooṣù ni kò rọrùn. Tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n lè fi gba ètò sílẹ̀, Explora, dikódà DStv tó ń gba ètò sílẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún wọn. Ẹ̀rọ tó dára ni, ṣùgbọ́n láti ara díìṣì ló ti ń gba ètò. Ilé tí kò bá ní díìṣì ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n sì ju ẹyọ kan lọ. Ìbéèrè méjì ni mo máa fi yẹ̀ wọ́n wò níbí. Èkíní: ṣé ètò tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ yìí yóò tún yọjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá yá? Èkejì: ṣé iná yóò wà lásìkò tí wọ́n bá ń ṣe é? Bí àwòrán ṣe mọ́ tó ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń sọ ṣáá. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìbéèrè méjèèjì yìí ló ń pinnu bóyá owó yín máa so èso.

Ètò tó ń padà wá àti èyí tí kì í padà

Channels, TVC News àti Arise News ń gbé ètò wọn jáde ní tààrà lórí YouTube. Ẹ lè fa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn láti wo ohun tó ti kọjá ní wákàtí díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì máa ń gé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀, kí wọ́n gbé e síbẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ìròyìn àti àríyànjiyàn òṣèlú ni ẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ kankan. Fóònù yín ti tó. Bọ́tìnnì Download inú áàpù YouTube náà wà, àmọ́ inú áàpù náà ni fídíò yẹn máa wà. Ẹ ò lè dà á sórí fíláàṣì fún ìyá yín láti wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Dátà ni ìnáwó ọ̀nà yìí. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan lè jẹ tó 1GB tí àwòrán bá wà ní ìwọ̀n lásán, tó bá sì jẹ́ HD, ó lè tó 3GB. YouTube náà kò jìnnà sí i. Ẹni tó fẹ́ máa wo wákàtí méjì lójoojúmọ́ ní láti ṣírò rẹ̀ dáadáa kó tó sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló dín owó kù. Starlink tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2023 ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò dé dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà ní àwo tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ onílé lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ètò kan wà tí kì í padà wá: ètò tí NTA Lọ́kọ́jà ṣe nípa ọdún ìbílẹ̀ ìlú kan, ìwúyè ọba, ìdíje àwọn ilé ìwé, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín, tàbí ọjọ́ tí wọ́n pe bàbá yín wá sọ̀rọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí irú èyí lórí YouTube. Ohùn àgbàlagbà tó ń fi Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ sọ̀tàn lórí tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, tó bá sì kọjá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti lọ nìyẹn. Torí irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kéèyàn náwó sórí ẹ̀rọ tó ń gba ètò sílẹ̀, òun ni mo sì ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ láti ibí lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú síginà tó ń wọlé

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ki wáyà éríà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹ ní kó wá gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, ti analogue àti ti digital. Tó bá ti parí, ẹ wo orúkọ wọn. Èyí tó ní ATV lára, síginà àtijọ́ ni. Èyí tó ní DTV, ti ìgbàlódé ni.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ jùlọ tẹlifíṣọ̀n tó lè gba ètò sílẹ̀ sórí fíláàṣì, DTV nìkan ni wọ́n ń gbà. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì pupa lórí ATV, kò ní dá yín lóhùn.

Àdéhùn àgbáyé ti dá ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti kúrò lórí síginà àtijọ́. Nàìjíríà kò bá ọjọ́ náà. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyípadà ní 2016, Àbújá tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, ó kan Ìlọrin ní 2017. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Ìlọrin bá ní dikódà kan ń mú ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ fún òun, kò túmọ̀ sí pé dikódà kan náà yóò mú nǹkan kan ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Odò-Ẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wọ inú ilé tiyín ni kí ẹ fi ra ẹ̀rọ.

Tí DTV bá ń wọlé: tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, tàbí dikódà éríà?

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà báyìí ní DVB-T2 nínú, èyí tí í ṣe ọ̀nà digital orí ilẹ̀ tí Nàìjíríà ń lò. Díẹ̀ nínú wọn tún ní PVR: ẹ máa ki fíláàṣì bọ ojú USB rẹ̀, ẹ tẹ REC, ó sì ń gbà á sílẹ̀. Ẹ ò ra nǹkan mìíràn, rìmóòtù kan náà ni, wáyà ò sì pọ̀ nílẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ń dá gbé, èyí ló rọrùn jù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ fíláàṣì náà di tirẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn náà ó máa ti ohun tó bá gbà sílẹ̀ pa lọ́nà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n yẹn nìkan ló lè ṣí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Lọ́kọ́jà, kò ní ṣí. Lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n náà bá bàjẹ́, ohùn bàbá yín ti bá a lọ nìyẹn. Nítorí èyí nìkan, mi ò lè fọwọ́ sí PVR inú tẹlifíṣọ̀n fún ètò tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ wò lọ́la kí ẹ sì pa rẹ́, ó dára fún un.

Dikódà éríà tí kò ní owó oṣooṣù, tó ní DVB-T2 àti ojú USB, kéré, kò sì wọ́n. Fáìlì tó bá gbà láti orí ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ sábà máa ń ṣí lórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú VLC, áàpù ìwo-fídíò tí ẹnikẹ́ni lè fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè máa gbà sílẹ̀ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, ọ̀rọ̀ iná sì mú kí èyí ṣe pàtàkì. A máa dé ibẹ̀. Ibi tí ó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra ni pé ojú USB kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn dikódà kan wà tí ojú USB wọn kò lè ṣe ju kó fi fíìmù àti orin hàn lọ.

Nítorí náà, ẹ mú fíláàṣì tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so éríà mọ́ dikódà náà lójú yín, kó gbé e sórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ REC. Àmì pupa kékeré yóò hàn ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n, iná ara fíláàṣì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ Stop, ẹ yọ fíláàṣì, kí ẹ fi í sí ojú USB láptọ́ọ̀pù. Ó yẹ kí ẹ rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ts tàbí .mts. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó dé ìparí, ẹ fetí sí ohùn rẹ̀. Tí kò bá ṣí, ẹ dá a padà fún un níbẹ̀. Tí ṣọ́ọ̀bù náà kò bá rí síginà DTV kankan mú, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ máa dán an wò nílé kí ẹ tó san owó tán.

Nǹkan kan tún wà tí kò hàn síta: aago. Ara síginà ni dikódà ti máa ń mú aago, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé GMT+1 la wà ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá fi sí òdo, ètò aago mẹ́jọ alẹ́ tí ẹ ní kó gbà fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, nígbà tí wọ́n ti ṣe é tán. Ẹ tún jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò, kó sì parí lẹ́yìn àkókò, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í fìgbà gbogbo bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

GOtv àti StarTimes

Àwọn méjèèjì ló ní dikódà tó ń lo éríà dípò díìṣì, àwọn méjèèjì ló sì ní owó ṣíṣàn. GOtv kò ṣe dikódà rẹ̀ fún gbígba ètò sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní GOtv ní láti wá ẹ̀rọ mìíràn so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ dikódà StarTimes ní PVR tó ń lo fíláàṣì, àmọ́ ẹ má retí pé ohun tí ó gbà sílẹ̀ láti orí ṣánẹ́ẹ̀lì olówó yóò ṣí níbòmíràn. Ẹ sì rántí pé oríṣi méjì ni StarTimes ń tà, ti éríà àti ti díìṣì. Ẹ dárúkọ éríà fún wọn kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ti ń lò ó, kí ẹ béèrè bí ó ṣe ń mú síginà nígbà òjò.

Tí ó bá jẹ́ ATV nìkan ló ń wọlé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé wà lọ́dọ̀ wa, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò sí ọ̀nà fún òun. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ̀rọ fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀rọ fídíò VHS ní ohun tó ń mú síginà ATV nínú ara rẹ̀. Kò dúró de tẹlifíṣọ̀n. Ẹ máa fi éríà sí i lẹ́yìn, ẹ máa dá aago sí i, kásẹ́ẹ̀tì E-180 yóò sì gba wákàtí mẹ́ta, tàbí mẹ́fà tí ẹ bá fi sí LP, èyí tó ń mú kí kásẹ́ẹ̀tì rọra yí. Àwọn ìyá àti bàbá wa mọ̀ ọ́n lò láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Àmọ́ iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó ṣẹ́kù tó ń ṣe é, dáwọ́ dúró ní 2016. Tòkunbọ̀ nìkan lẹ máa rí. Eruku ọyẹ́ máa ń dí orí rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì sì máa ń hu funfun nígbà òjò. Tí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ bá wà nílé yín, ẹ má jù ú nù. Tí kò bá sí, mi ò ní kí ẹ lọ ra á.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní video capture, tí wọ́n ń ki bọ ojú USB láptọ́ọ̀pù. Ojú mẹ́ta ló ní: yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Ẹ máa so ó mọ́ AV OUT tó wà lẹ́yìn dikódà, ẹ̀rọ fídíò tàbí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. OBS Studio, áàpù kọ̀ǹpútà tí kò gba owó, ló máa kó àwòrán náà sínú fáìlì. Ẹ yan PAL nínú ètò rẹ̀, ẹ má yan NTSC, torí nínú ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n fi ń gbé àwòrán aláwọ̀ jáde yìí, PAL la ń lò ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá ṣì í yàn, àwòrán lè di dúdú àti funfun tàbí kó máa yí gbirigbiri. Ohun kan náà yìí ló wúlò fún ẹni tó ní GOtv. Àwọn kan á fẹ́ lo HDMI dípò wáyà aláwọ̀ mẹ́ta nítorí pé àwòrán rẹ̀ mọ́ jù, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ààbò kan sára HDMI ọ̀pọ̀ dikódà tó jẹ́ pé òkùnkùn ni ẹ̀rọ yín yóò gbà. Ẹ bá wáyà yẹ́lò lọ.

Tí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ tuntun tí kò ní AV OUT, ẹ wá TV tuner oní-USB fún láptọ́ọ̀pù. Éríà lẹ máa fi sí i ní tààrà. Ẹ kà á lára páálí rẹ̀ pé ó ń mú analogue, kí ẹ sì wá èyí tó tún ní DVB-T2 tí ẹ bá lè rí i, kí ó lè wúlò fún yín lọ́jọ́ tí síginà agbègbè wa bá yí padà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, tí wọ́n sì máa pe orúkọ bàbá yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, ẹ gbé fóònù sórí àga, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa iná yàrá àti fáànù, kí gbogbo ilé dákẹ́.

Iná

Ẹ̀rọ tí iná bá já sílẹ̀ láàárín ètò kò gba nǹkan kan tó pé. Nítorí náà, ẹ fi bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ iná tó wé ara wọn. Tẹlifíṣọ̀n LED oní-32 íńṣì sábà máa ń jẹ wáàtì 30 sí 60. Dikódà éríà kékeré kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 10 lọ. Bátìrì 12V oní-7Ah, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS (ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná dúró nígbà tí iná bá lọ), ní 84Wh, ìyẹn wáàtì 84 fún wákàtí kan. Tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́ kíá, ó lè gbé dikódà náà fún bíi wákàtí mẹ́rin. Tẹlifíṣọ̀n ò ní lò ju wákàtí kan lé díẹ̀ lọ lórí bátìrì kan náà, kódà tó bá jẹ́ èyí tí kò jẹ iná púpọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn dikódà ju PVR inú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹ wo ara ṣájà dikódà yín. Tí wọ́n bá kọ 12V síbẹ̀, UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé e, tó bá jẹ́ pé 12V náà ló ń gbé jáde tí agbára rẹ̀ sì tó iye A (áńpíà) tó wà lára ṣájà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kéèyàn fa wáyà láti ara bátìrì ní tààrà, nítorí pé fóltéèjì bátìrì máa ń ga ju 12 lọ nígbà tí sólà bá ń ṣájì rẹ̀, wáyà tí a sì fi òdì rẹ̀ sí lè jó dikódà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Tí bátìrì náà bá ṣì lágbára, ìmọ́lẹ̀ lè lọ kó tún dé láìjẹ́ pé ó kan iṣẹ́ rẹ̀, àfi kí dikódà tó ń fún un ní àwòrán náà wà lórí UPS.

Ẹ dán ohun kan wò lọ́jọ́ tí kò sí ètò pàtàkì: ẹ yọ dikódà kúrò lára iná nígbà tó ń gbà sílẹ̀, kí ẹ sì dá a padà. Àwọn kan yóò tan fúnra wọn, wọn á tún rántí ètò tí ẹ dá aago fún. Àwọn mìíràn yóò sùn títí ẹ máa fi tẹ rìmóòtù. Ó dára kí ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́ ṣáájú.

Éríà

Òkè ló yí Kábbà ká, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú wa, síginà yìí kì í sì í la òkè kọjá. Éríà tí a gbé sórí irin gíga lókè òrùlé, tí a kọjú rẹ̀ sí ibi tí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà, ju búsítà olówó ńlá lọ. Búsítà kò lè mú síginà tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Tí àwòrán DTV bá ń dì tó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wà nínú fáìlì yín.

Fíláàṣì àti ẹ̀dà

Ètò wákàtí kan láti orí ṣánẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe HD sábà máa ń gba 1GB sí 2GB, nítorí náà 32GB tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Tí ẹ bá rí fáìlì kan tó pín sí méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe àṣìṣe: FAT32, ọ̀nà ìto-fáìlì sórí fíláàṣì tí ọ̀pọ̀ dikódà ń lò, kì í gba fáìlì tó ju 4GB lọ. Ẹ sá fún fíláàṣì 1TB tí owó rẹ̀ kéré jù. Irọ́ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Tí ohun tí ẹ kó sí i bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ gangan, yóò máa pa fáìlì yín run láìsọ nǹkan kan.

Gbígba ètò sílẹ̀ láti wò nínú ilé yàtọ̀ sí kéèyàn dà á sórí DVD kó máa tà á ní ọjà. Èkejì yẹn lòdì sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá yín ra á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gba ètò pàtàkì kan sílẹ̀, ẹ dà á sórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní nọ́ńbà tí dikódà fún un sí orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀, ọjọ́ àti ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ da ẹ̀dà kejì sórí fíláàṣì mìíràn, kí ẹ fún ẹnì kan nínú ẹbí tó ń gbé ìlú míì.